Kí A Tó Fi Òróró Sí I, Ẹ Jẹ́ Ká Tú U Ná



Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin arábìnrin wa nínú Islam, ọ̀rọ̀ irun tó ń re ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Bí a bá ti parí àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí àwọn ìyá kóra jọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kì í pẹ́ tí ìgò kan yóò fi jáde nínú báàgì. Ẹnì kan á ní omi àlùbọ́sà ni. Ẹlòmíràn á ní àdín tí wọ́n pò mọ́ òróró lárà ni. Ẹ̀kẹta á ní òróró Habatu Sauda lòun fi ń pa ẹ̀bátí òun tí irun ti sá kúrò. Ìgò náà á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé: kí ló gbé irun náà lọ?

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú ìgò. Mi ò bá òróró jà. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí ẹni tó bá ní irun máa tọ́jú rẹ̀, ó sì ní kí a máa wá ìwòsàn nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun kò dá oògùn rẹ̀. Hadisi Habatu Sauda náà wà nínú Bukhari àti Muslim, a sì gbà á. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó ń fi òróró pa orí lálẹ́, tó sì ń fi ìdirí fa irun náà tu lọ́sàn-án, iṣẹ́ asán ló ń ṣe.

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé irun tó ń re kì í ṣe oríṣi kan. Irun bí 50 sí 100 máa ń re lórí ẹni tí ara rẹ̀ le lójoojúmọ́. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ tàbí ibà líle, ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, irun lè máa re káàkiri orí. Ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12. Ìyá tó bá fi omi àlùbọ́sà pa á lásìkò yẹn á dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ ìdúpẹ́ náà kì í ṣe ti àlùbọ́sà.

Kí n má fi ẹ̀tọ́ àlùbọ́sà dù ú. Ìwádìí kan wà láti Baghdad tó jáde lọ́dún 2002. Àwọn 38 ni wọ́n yẹ̀ wò: 23 fi omi àlùbọ́sà pa orí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù méjì, 15 fi omi lásán pa á. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, irun ti hù padà fún 20 nínú àwọn 23 náà. Ṣùgbọ́n irun tó ń re ní róbótó-róbótó lórí ni àìsàn tiwọn, èyí tó lè padà fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe irun tí ìdirí fà tu.

Irun tí a fà tu yìí gan-an ló pọ̀ jù láàárín wa. Ìdirí líle nítorí Ìléyá tàbí wòlímà, irun àdìmọ́ tó wúwo, rílàásà tí a ṣe kí a tó dirun, irun tí a fà sẹ́yìn tí a so pinpin lábẹ́ fìlà inú hijab. Hijab kò jẹ̀bi o. Ìso tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí orí bá ń fọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ dirun, tí róro wéwé sì yọ sí ìdí irun, irun ti ń ké nìyẹn. Bí a bá tú u lásìkò yẹn, á padà. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, gbòǹgbò á kú, awọ ibẹ̀ á máa dán, a kò ní rí ojú irun mọ́. Kò sí òróró, olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó gọbọi, tó lè jí i.

Ìyá kan wá bá Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun nítorí ọmọ rẹ̀, ìyàwó tuntun tí àìsàn ti mú irun rẹ̀ re. Ó béèrè bóyá òun lè so irun mọ́ ọn lórí, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́ fún un. Lónìí, irun àdìmọ́ tí a fi ń bo ibi tó ti re ló tún ń fẹ ibẹ̀ sí i.

Ti àwọn ọmọ ló ká mi lára jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í yan bí wọ́n ṣe máa di irun òun. Bó bá ń sunkún lábẹ́ ìyàrí, ẹ má sọ fún un pé ẹwà ló ń rà. Bákan náà, bí ọmọ bá ti ilé-kéú dé pẹ̀lú ojú ibi tí irun ti já, tó ń ṣí èépá, ó lè jẹ́ làpálàpá. Ìyẹn ti wọ gbòǹgbò irun lọ; oògùn mímu láti ọ̀dọ̀ dókítà ló ń wò ó, àdín kò lè dé ibẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jọ lo ìyàrí tàbí fìlà.

Kí ni òróró wá wà fún? Òrí àti òróró àgbọn ń mú irun rọ̀, kì í jẹ́ kó tètè ṣẹ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ááyù tútù tàbí ata pa awọ orí, ó lè bó.

Ìmọ̀ràn mi kò gba owó. Ẹ tú irun náà, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀. Irun ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà oṣù mẹ́ta tó láti rí àyípadà. Bí kò bá sí, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ má dúró rárá bí awọ bá ti ń dán, bí àtàrí bá ń ta yín tí irun sì ń lọ níbẹ̀, bí ọyún bá wà, tàbí bí ó bá ń rẹ̀ yín tí àyà ń já. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára. Ẹ lè béèrè fún dókítà obìnrin, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìgò òróró dúró sí àyè rẹ̀, lẹ́yìn títú irun. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Wassalamu alaykum.