Lẹ́tà gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó lórí ilẹ̀ tí okùn fóònù ń gbà kọjá

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Lucky Orimisan Aiyedatiwa,
Ọ́fíìsì Gómìnà, Alágbàká, Àkúrẹ́.

Kí ọdún 2001 tó dé, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà wà láàárín nǹkan bí 400,000 sí 500,000, fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ dáadáa. NITEL ló ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1985, nígbà tó yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tó sì dà á pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ìpè sí òkè òkun. Ìjọba ló ni waya, ìjọba ló ń ta ìlà, ìjọba kan náà ló ń ṣe òfin tó de ẹni tó bá fẹ́ bá a du ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹlifóònù sí ilé á kọ̀wé, á sanwó, á dúró fún ọdún mélòó kan, á sì tún máa bẹ òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó kó má baà gbàgbé òun.

Àkúrẹ́ di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ́fíìsì Alágbàká, àwọn báńkì, àti dókítà tàbí lọ́yà bíi mélòó kan ní ìlà. Ìlú Òǹdó kò rí tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo kòkó tó ń ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ tó bá ká èèyàn lára, gáréèjì ni wọ́n ń gbé e lọ, kí awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó bá wọn mú lẹ́tà dání. Tí ọ̀rọ̀ náà kò bá ṣeé fi rán awakọ̀, ó ku ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Àkúrẹ́. Wọ́n á kéde pé kí lágbájá ọmọ lágbájá, níbikíbi tó bá wà, máa bọ̀ nílé kíákíá. Ìkéde náà kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló mọ̀ pé èèyàn ti kú, àfi ẹni tí wọ́n ń pè gan-an, tó lè má tan rédíò lọ́jọ́ náà.

Ọdún 1992 ni ìjọba ológun Ibrahim Babangida ṣe òfin tó dá àjọ NCC sílẹ̀, kí ẹni tó ń ṣòwò tẹlifóònù má baà máa dájọ́ òwò náà mọ́. Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan lábẹ́ ológun. Ìgbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ìjọba ní 1999, tí Ernest Ndukwe sì di ọ̀gá àjọ náà ní 2000, ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, NCC lu ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká (GSM) ní gbàǹjo ní Àbújá. Iye owó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró sí mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló borí: MTN, Econet àti CIL. CIL kò rí owó san lásìkò, ó sì pàdánù tirẹ̀. NITEL tí ìjọba fúnra rẹ̀ ni san iye kan náà kí M-Tel ọmọ rẹ̀ tó lè wọ agbo. Nínú gbogbo ohun tí àtúntò náà ṣe, ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ. Iye owó hàn sí gbogbo ayé, ọjọ́ ìsanwó hàn, òfin kan náà ló sì de ọmọ onílé àti àlejò. Olówó tó ti ń sá fún Nàìjíríà láti ọdún gbọọrọ rí ibi tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 tún fi kún agbára NCC láti bá ilé iṣẹ́ wí, ó sì ń lò ó: ní 2015, ó bu owó ìtanràn tó ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ fún MTN nítorí ìlà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí kò ní àkọsílẹ̀ tó péye, kí wọ́n tó jọ fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330 lọ́dún kejì.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà. Èkó, Àbújá àti Port Harcourt ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, Àkúrẹ́ àti Òǹdó wà lẹ́yìn. Síìmù nìkan ju náírà 15,000 lọ, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 7,500. Ìpè ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bí náírà 50, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní kò tíì ṣeé ṣe láti máa ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní oṣù kẹjọ 2003, Globacom ti Mike Adenuga wọlé, ó sì ń kà á bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi di ṣíṣe lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ìjọba kò pàṣẹ fún Globacom kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ ọjà.

Kí owó síìmù tó wálẹ̀, abẹ́ agboòrùn ni ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ àti Òǹdó ti kọ́kọ́ di fóònù mú. Tábìlì pákó kan, fóònù méjì tàbí mẹ́ta, àti obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ibi tí ìṣẹ́jú ti ń kà: bí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Yaba ní ìlú Òǹdó. Oníbàárà á ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu kó tó tẹ nọ́ńbà. Bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ìṣẹ́jú kan pé, á pa á, ìbáà jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ní fóònù tirẹ̀ tí kò ní owó inú rẹ̀ ń fi fláàṣì ránṣẹ́: ìró kan, kó sì pa á, kí ẹni tó lówó pè é padà.

Àgbẹ̀ kòkó ló jèrè èyí lọ́nà tí àwọn tó wà ní Àbújá lè má ti rò. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986, iye kòkó kò dọ́gba láti ọ̀dọ̀ oníràjà kan sí òmíràn. Àgbẹ̀ tó wà lábúlé kò lè mọ iye tí wọ́n ń rà á nígboro Òǹdó àfi tó bá gbé e dé ibẹ̀, tó bá sì ti gbé e débẹ̀ tán, kò ní gbé e padà. Fóònù jẹ́ kó mọ iye kó tó di àpò.

Iye ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kọjá 200 mílíọ̀nù ní 2020. Nígbà tí NCC yẹ ìwé wò ní 2024, ó já sí nǹkan bí 154 mílíọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án, torí pé wọ́n ti ń ka òkú ìlà mọ́ alààyè. Síbẹ̀, òpó ńlá ni iṣẹ́ yìí jẹ́ nínú ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Orúkọ kàn ń yí ni: Econet di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó sì di Airtel ní 2010, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ èèyàn kò yí padà. NITEL ni kò rí ìyípadà náà gbé. Wọ́n tà á títí: ẹni àkọ́kọ́ kò rí owó san, Transcorp gbà á ní 2006, ìjọba sì gbà á padà. Ní ìgbẹ̀yìn, ohun tó kù níbẹ̀ lọ sọ́wọ́ NATCOM ní mílíọ̀nù 252 dọ́là, iye tí kò tó owó ìwé àṣẹ kan ní 2001. Agboòrùn kò kúrò lẹ́bàá títì ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpè di ẹni tó ń ta káàdì, ẹni tó ń ta káàdì di oní-POS. Nígbà tí owó dàwáti ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹ̀yìn wọn ni ìlú tò sí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ti lọ, ọjà dúró.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba ìpínlẹ̀. Fóònù kò ní waya, ṣùgbọ́n máàsìtì ní. Ohun tó bá kúrò lára fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e dé máàsìtì tó wà nítòsí. Láti ibẹ̀, yálà kí máàsìtì kan jù ú sí òmíràn, tàbí kó gba inú okùn fáíbà lọ. Fáíbà jẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀, ohun tó sì lè gbé ju ti afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Àwọn okùn abẹ́ òkun bíi SAT-3, MainOne, Glo-1 àti Equiano, Èkó ni wọ́n ti gúnlẹ̀. Dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì FUTA ń lò ní Àkúrẹ́, tàbí ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní ìlú Òǹdó, ti gba abẹ́ ilẹ̀ rìn láti etí òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdánwò JAMB tó ń múni wọ yunifásítì, tí wọ́n ti fi pátápátá sórí kọ̀ǹpútà láti 2015, wà lórí okùn yìí. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún 2020 sí 2025 ní kí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dé ọ̀dọ̀ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí 2025 wọlé, kò tíì dé 50.

Ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ tẹlifóònù sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àbújá lè fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, kò lè bá a gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan ní Alágbàká. Ní 2013, àwọn gómìnà fẹnu kò nínú ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí igbákejì ààrẹ ń darí pé owó ojú ọ̀nà, ìyẹn owó tí ilé iṣẹ́ ń san kó tó gbẹ́ ilẹ̀ láti ri okùn, kò gbọdọ̀ ju náírà 145 lọ fún mítà kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èkìtì, tó jẹ́ ara Ìpínlẹ̀ Òǹdó títí di 1996, ń gba 4,500 lórí mítà kan kí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó já a wálẹ̀ sí 145 ní oṣù karùn-ún 2020. Lórí kìlómítà mẹ́wàá péré, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ti mílíọ̀nù 45 náírà sí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Kádúná àti Kàtsínà tilẹ̀ fọwọ́ rọ́ owó náà sẹ́yìn pátápátá.

Àwọn aláṣẹ tó ń gba owó ńlá ní àlàyé tiwọn: ìpínlẹ̀ ń wá owó tirẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù sì lówó. Òtítọ́ ni pé wọ́n lówó. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá rí i pé òwò kan wọ́n jù kò ní jà. Á kàn gbé okùn rẹ̀ lọ síbòmíràn, á sì fi máàsìtì tó ń jù sí máàsìtì sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ìpínlẹ̀ tó béèrè owó gọbọi lórí mítà tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ náà kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Katapílà tó ń fẹ títì lójú máa ń já okùn náà láìmọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni méjì á jókòó sétí kòtò lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan. Wọ́n á bó ara okùn náà, wọ́n á nu irun gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, búlúù mọ́ búlúù, ọsàn mọ́ ọsàn, ẹ̀rọ náà á sì fi iná yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀. Okùn tó ní irun 96 lè gbà wọ́n ní odidi ọjọ́ kan. Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ àwọn ohun èlò yìí di dúkìá orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Awakọ̀ katapílà kò ka àṣẹ náà. Ohun tó lè dá a dúró ni kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbé iṣẹ́ ọ̀nà síta ní máàpù ibi tí okùn wà, kí wọ́n sì ti ri páìpù òfìfo mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la títì, kí ẹni tó bá fẹ́ ki okùn wọlé má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ́ ilẹ̀. Owó páìpù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀dà títì.

Okùn nìkan kọ́ ló ń ná ilé iṣẹ́ lówó. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ máàsìtì ró, dísẹ́ẹ̀lì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó yìí, pẹ̀lú owó tí àjọ ìjọba oríṣiríṣi ń gbà, oníbàárà ló ń san án nígbẹ̀yìn: ní oṣù kìíní 2025, NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà.

Ohun mìíràn tún ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò sì sí èyí tí kò lè sọ pé òun náà ní owó tí òun ń gbà lórí okùn àti máàsìtì. Okùn tó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tó gba Owénà kọjá dé ìlú Òǹdó, yóò tẹ ilẹ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Gúúsù Àkúrẹ́, Ìlà-Oòrùn Òǹdó àti Ìwọ̀-Oòrùn Òǹdó, ká má tíì sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Kí iye kan ṣoṣo tó wà fún gbogbo wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde síta, tí tábìlì kan ṣoṣo ní Alágbàká sì ń gbà á, tó sì ń fèsì láàárín iye ọjọ́ tí òfin sọ, kò gba ìwé àṣẹ láti Àbújá. Ìbuwọ́lù Gómìnà ló gbà, àti ìpàdé kan pẹ̀lú àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀.