Ṣé Kí A Gbé Tábìlì Sí Àárín Ilé Ìdáná?

  Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni a óò tún sọ lóṣù yìí, nítorí lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń tún ilé wọn ṣe. Wọ́n ti hó táìlì àtijọ́ kúrò nílẹ̀, bíríkìlà sì ti ń retí kí wọ́n pe òun. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì rí i pé wọ́n mọ pẹpẹ ńlá kan sí àárín gbùngbùn ilé ìdáná ibẹ̀, wọ́n fi òkúta dídán bò ó lórí, wọ́n sì to àga gíga mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Inú owó tí ìyàwó fẹ́ fi kún ọjà aṣọ rẹ̀ ni wọn yóò ti mú owó pẹpẹ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá bá wọn gbé kí ọdún tó parí. Ó wá béèrè pé: "Ṣé kí n gbà, tàbí kí n kọ̀? Bí mo bá kọ̀, kí ni kí n wí tí kì yóò fi dà bí ẹni pé n kò fẹ́ ohun rere fún ilé mi?"

Ohun tí ó ń sọ yìí ni àwọn káfíńtà wa ń pè ní áílàńdì. Erékùṣù ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó dá dúró láàárín yàrá láìfara kan ògiri kankan, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí omi yí ká. Orúkọ náà bá a mu. Bí omi àyíká erékùṣù kò bá fẹ̀ tó, ọkọ̀ kò lè kọjá níbẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín yóò máa gbà kọjá ni omi náà. Nítorí náà, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ẹwà, ẹ jẹ́ kí a mú okùn ìwọ̀n.

Mo ní kí ìyàwó náà wọn ilé ìdáná rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Yàrá náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pẹpẹ tí síńkì wà lára rẹ̀ gba ẹsẹ̀ bàtà 2 lára ògiri kan. Kúkà gáàsì àti fíríìjì gba ẹsẹ̀ bàtà 2 ó lé díẹ̀ lára ògiri tí ó dojú kọ ọ́. Ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù kò pé ẹsẹ̀ bàtà 6. Bí a bá gbé tábìlì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní ní ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Àwọn tí ètò ilé ìdáná jẹ́ iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àyè náà má ṣe dín ní íńṣì 42, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀, bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní ń dáná. Bí wọ́n bá di méjì, kí ó tó íńṣì 48. Nínú ilé ta ni ẹnì kan ṣoṣo ti ń dáná láàárín wa? Ọmọ ń bẹ, àbúrò ọkọ ń bẹ, ìyá ọkọ ń bọ̀ lọ́nà. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹni tí ó bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ọmọ tí ó bá sì sáré wọlé ní àkókò náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè rọrùn, yàrá náà ní láti fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Bí ó bá jẹ́ pé ara ògiri kan ṣoṣo ni ẹ to gbogbo nǹkan sí, ẹsẹ̀ bàtà 11 lè tó. Mẹ́wàá ni tirẹ̀.

Kì í ṣe òní ni obìnrin ti ń ka ìṣísẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ ilẹ̀ Austria, ya àwòrán ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1.9, ó sì gùn ní mítà 3.4, ó kéré ju ti ìyàwó wa yìí lọ dáadáa. Síbẹ̀, bí nǹkan bí 10,000 ilé ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí pé gbogbo ohun tí aládàáná ń fẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ tó láìrìn jìnnà. Kò gbé ohunkóhun tí ẹsẹ̀ yóò máa yí ká sí àárín rẹ̀.

Ilé ìdáná ti Frankfurt yẹn kò mọ odó ṣá o, tiwa sì mọ̀ ọ́n. Ibi tí ó tilẹ̀ yẹ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí. Àárín ilé ìdáná tí ọkọ rí tí ó pè ní òfìfo, kò ṣófo rárá. Níbẹ̀ ni odó ń dúró sí ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ iyán, ẹni tí ń gún un sì gbọ́dọ̀ rí àyè gbé ọmọ odó sókè láìgbá kọ́bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni a ń gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí òṣùká kí a lè fi agbára ro àmàlà, nítorí pé ẹni tí kò ga kò lè ro àmàlà ilé mẹ́fà lórí kúkà kí apá má dùn ún. Níbẹ̀ ni ìyá ọkọ yóò gbé àpótí sí, tí yóò máa já ẹ̀fọ́, tí yóò máa sọ ìtàn fún ọmọ. Pẹpẹ tí a ń wí yìí ga tó íńṣì 36. Àga tí ó bá a mu ga ju àga ìjẹun lọ. Mo ń fojú inú wo ìyá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kí ó máa gun irú àga bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Kò ní gùn ún. Yóò padà sí yàrá rẹ̀, ilé ìdáná yóò sì dákẹ́.

N kò sọ pé áílàńdì kò dára. Ní ilé tí ó fẹ̀, mo ti rí èyí tí ó wù mí. Ìyàwó tí ó ń ṣe ṣin-ṣin tàbí àkàrà òyìnbó tà rí ibi gbọọrọ po ìyẹ̀fun rẹ̀ sí, ó sì rí ibi kó àpò ìyẹ̀fun sí nísàlẹ̀. Ọmọ ilé ìwé lè jókòó sí òdìkejì rẹ̀ kí ó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ìyá máa rí i, kí iná sì jìnnà sí i. Èyí dára púpọ̀. (Àlejò náà lè jókòó síbẹ̀, àmọ́ yóò máa bá yín ka iye ẹran tí ẹ ń bù sínú àwo.)

Bí àyè yín bá gbà á tí ẹ sì fẹ́ kọ́ ọ, ẹ má gbé kúkà sórí rẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, rọ́bà tí ó bá sì gba orí ilẹ̀ kọjá ni ẹsẹ̀ ọmọ yóò kọ́kọ́ kọ́. Èéfín tí a ń fà jáde lára ògiri tún rọrùn ju èyí tí a ó la àjà fún lọ. Bí ẹ bá fẹ́ síńkì sórí rẹ̀, púlọ́ńbà gbọ́dọ̀ ti ri páìpù mọ́lẹ̀ kí a tó lẹ táìlì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wáyà iná. Kí igun rẹ̀ rí róbótó. Orí ọmọ ọdún méjì kò ga ju igun tábìlì lọ púpọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọkọ. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí bíríkìlà tó dé, ẹ to páálí òfìfo síbi tí ó fẹ́ kí pẹpẹ náà wà, kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó fẹ̀ ní 2, kí ó ga dé ìbàdí. Ẹ fi okùn dì í kí ó má ṣubú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, kí ọjọ́ iyán kan wà nínú rẹ̀. Ẹ bẹ ọkọ kí ó bá yín gbé ìkòkò omi gbígbóná láti orí iná dé síńkì ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ sì wà nílé. Ohun tí ẹnu ìyàwó kò lè sọ, páálí yóò sọ ọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ ibi ìgbéǹkanlé nìkan ni ó ń wá, káfíńtà lè kan tábìlì kékeré tí ó ní táyà mẹ́rin, tí méjì nínú wọn ṣeé tì pa. A ó fà á wá sí àárín nígbà tí a bá ń gé ẹran, a ó tì í lọ sára ògiri nígbà tí odó bá dé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkúta dídán, ọjà aṣọ kò sì ní dáwó dúró.

Ìyàwó Ìbàdàn, lẹ́yìn ọjọ́ méje, jọ̀wọ́ tún kọ̀wé sí mi. Sọ iye ìgbà tí o fi ìbàdí gbá páálí náà fún mi, kí o sì sọ iye ìgbà tí ọkọ rẹ gbá a.