Ẹni Tó Mọ Dátà Ló Yẹ Kó Di Búlọ́ọ̀kù Mú

Láti ọdún 2012 tí àjọ W3C ti fọwọ́ sí R2RML, èdè tí a fi ń yí tábìlì padà sí RDF kí dátà lè so mọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí ti ń ṣe bí ẹni pé ẹni tí kò bá lè fọwọ́ kọ ọ́ kò gbọdọ̀ dá sí i. Èmi ò gbà. Búlọ́ọ̀kù tí à ń so mọ́ra lójú kọ̀ǹpútà ló yẹ kó ṣíwájú, kí fífọwọ́ kọ ọ́ máa tẹ̀ lé e.

Ẹ gbé tábìlì ilé ìkàwé kan yẹ̀ wò: àkọlé, òǹkọ̀wé, ọdún. Bí a bá fẹ́ yí i padà sí RDF, kí ni yóò ní àdírẹ́sì tirẹ̀? Kí ló so ìwé pọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé? Ṣé ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà ni, àbí ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀? Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n Turtle, ọ̀nà tí a ń gbà kọ RDF sílẹ̀, ni wọ́n fi ń kọ R2RML. Bí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo bá sọnù, fáìlì náà lè kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó yẹ kó máa ro ìtumọ̀ dátà á wá máa ṣọ́ kọ́mà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní Trinity College, Dublin, àwọn olùwádìí ti kọ́ irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Juma lórí Blockly, ètò búlọ́ọ̀kù tí Google ṣe. Búlọ́ọ̀kù tí kò bá yẹ níbì kan kò ní wọ ibẹ̀, nítorí náà àṣìṣe àmì kò ráyè wáyé. Juma fúnra rẹ̀ ló ń kọ R2RML jáde, ó sì ń kọ SML, èdè mìíràn tó jọ ọ́, náà.

Ẹ má sọ pé ìnira ọpọlọ tí irinṣẹ́ ń fà kò ṣeé wọ̀n. Láti 1988 ni Sandra Hart àti Lowell Staveland ti gbé ìwọ̀n NASA-TLX kalẹ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, lára ohun mìíràn: bí iṣẹ́ ṣe gba ìrònú tó, bí àkókò ṣe há tó, bí ẹni tó ṣe é ṣe tiraka tó, bí ó ṣe sú u tó. Ẹni tó ṣe irinṣẹ́ tí kò bi òṣìṣẹ́ ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, ara rẹ̀ ló ṣe é fún.

Àwọn alátakò á ní bí tábìlì bá pọ̀, búlọ́ọ̀kù á kún ojú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, àmọ́ Blockly gbà kí a ká èyí tí a ti parí kò. Fáìlì ẹlẹ́gbẹ̀rún ìlà ńkọ́, ta ní ń rí i tán lẹ́ẹ̀kan? Wọ́n á ní búlọ́ọ̀kù kì í kọ́ni ní ọgbọ́n yíyan ọ̀rọ̀ tó tọ́. Turtle náà kì í kọ́ni. Ó kàn ń gba agbára tí à bá fi ronú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó sórí iṣẹ́ dátà, irinṣẹ́ tí ẹni tó mọ dátà kò bá lè dá lò, ẹ má ṣe sanwó rẹ̀.