Ẹrù Àpọ̀jù àti Omi: Ọ̀tá Méjì tí Ń Jẹ Èrè Oko Wa Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin olùra irè oko, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú yín pé owó ọkọ̀ wà nínú iye tí à ń ná lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Olùra kì í san án láti inú àpò ara rẹ̀. Kí ó tó dárúkọ iye tí yóò ra kòkó, ẹ̀pà tàbí òwú lóko, ó ti yọ owó ọkọ̀ sí apá kan. Bí ọ̀nà bá dára, owó tí ó yọ kò pọ̀. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, tí taya ń bẹ́, tí ọkọ̀ sì ń sun ẹrẹ̀, owó tí yóò yọ yóò pọ̀ ju ti àná lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó bàjẹ́ jẹ́ owó-orí tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé béèrè, ṣùgbọ́n tí àgbẹ̀ ń san lọ́dọọdún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà bá délẹ̀, ẹnu wa kì í pẹ́ dá ẹ̀bi fún Ìjọba, fún agbaṣẹ́ṣe àti fún òjò. A kò sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀bi tiwọn. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bu òkúta kù tàbí tí ó fẹ́ ọ̀dà lé orí ilẹ̀ tí kò tẹ̀ dáadáa ti jalè ní gbangba, ó sì yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí ni ìpín ẹ̀bi tí ó kan àwa fúnra wa, nítorí òun ni ó wà ní ìkáwọ́ wa láti tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀nà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà dúdú tí ó wà lókè ni ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà dà bí òrùlé lásán, tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Agbára ọ̀nà wà nísàlẹ̀. Ẹ wo obìnrin tí ó ru ẹrù wúwo: kò jẹ́ gbé e lé orí lásán, òṣùká ni yóò kọ́kọ́ ká. Òṣùká kò dín ìwọ̀n ẹrù kù, ṣùgbọ́n ó tàn án ká gbogbo orí kí ó má bàa gún ojú kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ ọ̀dà. Òṣùká ilẹ̀ ni wọ́n. Ìbéèrè tí ẹnjiníà ń bi ara rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí orí bá rọ̀ tó báyìí, tí ẹrù sì wúwo tó báyìí, báwo ni òṣùká ṣe gbọdọ̀ nípọn tó?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àfẹnusọ. Ní ọdún 1816 ni wọ́n fi John Loudon McAdam, ará Skọ́tílándì, ṣe alábòójútó àwọn ọ̀nà àgbègbè Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ gan-an ni ó ń gbé ẹrù, àti pé bí a bá lè mú kí ilẹ̀ náà gbẹ, yóò gbé ohunkóhun tí a bá gbé lé e. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní ìparí àwọn ọdún 1920, O. J. Porter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, wá ọ̀nà láti wọn agbára ilẹ̀. Wọ́n á di ilẹ̀ náà sínú agolo irin, wọ́n á sì fi irin tí ìbú ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá fi agbára tí ó gbà wé ti òkúta fífọ́ tí ó dára, tí a kà sí 100. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú ìdánwò yìí lọ fi ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú kíákíá fún àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá. Títí di òní, ó wà lára ohun tí a fi ń ṣètò ọ̀nà ní ilẹ̀ olóoru: òkúta ìpele tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà a máa ní 80, yangí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ a máa ní 30.

Ẹ fi etí sí ohun kan tí ó ṣe pàtàkì nínú ìdánwò yìí. Kí wọ́n tó tẹ ilẹ̀ náà, wọn a máa rì í sínú omi fún ọjọ́ 4. Kí ni ìdí? Nítorí pé ilẹ̀ tí ó le bí àpáta nígbà ọyẹ́ lè rọ̀ bí ẹ̀kọ nígbà òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára ọ̀nà, ọjọ́ tí ó rọ̀ jù ni kí ó wọ̀n ọ́n.

Àwọn àgbẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà mọ èyí ju ẹnjiníà lọ. Ní Borno, ilẹ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní firki, èyí tí wọ́n ń gbin ọkà bàbà masakwa sí nígbà tí omi òjò bá ti fà. Irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ wà ní Gombe àti Adamawa pẹ̀lú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sán débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Nígbà òjò, a mu omi, a wú, a sì gbé ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sókè. Ìwà mímu omi pamọ́ yìí ni ó mú un dára fún masakwa, òun náà ni ó sì mú un burú fún ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ la títì gba orí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ kúrò, tàbí kí wọ́n fi ẹfun òkúta pò ó kí ó lè le, tàbí kí wọ́n kó yangí púpọ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kìlómítà kan níbẹ̀ fi ń gba owó ju kìlómítà kan lọ lórí ilẹ̀ yangí.

Omi ni ọ̀tá kìn-ín-ní. Ẹrù àpọ̀jù ni ìkejì, níbí ni ọ̀rọ̀ sì ti kan ẹ̀yin olùra.

Láti ọdún 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá kan nítòsí Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Wọ́n la àwọn ọ̀nà ìdánwò sílẹ̀, òmíràn nípọn, òmíràn fẹ́lẹ́, àwọn ọmọ ogun sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí wọn tọ̀sán-tòru, títí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi kọjá ní ìgbà 1,114,000 lórí àwọn tí kò tètè bàjẹ́. Ohun méjì ni wọ́n rí. Èkínní ni pé ìgbà tí yìnyín ń yọ́, tí omi kún inú ilẹ̀, ni ọ̀nà ń bàjẹ́ jù. Èkejì ni pé ìbàjẹ́ kì í pọ̀ sí i bákan náà pẹ̀lú ẹrù. Sísáré ni ó máa ń sáré ju ẹrù lọ. Bí ẹrù orí irin kan tí ó so taya ọ̀tún mọ́ taya òsì bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí yóò ṣe súnmọ́ ìlọ́po 16.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpò ṣe ìṣirò náà. Tọ́ọ̀nù 8 àti díẹ̀ lórí irin kan ni àwọn onímọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n. Àpò kòkó tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 62.5, 16 ni ó ń ṣe tọ́ọ̀nù kan. Bí irin ẹ̀yìn lọ́rì bá ti ru tọ́ọ̀nù 8, tí a wá ní kí àpò 16 ṣì gorí rẹ̀, ẹrù rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlàjì àti díẹ̀. Bí a bá fi 32 kún un, ìbàjẹ́ náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ó bá di tọ́ọ̀nù 12, ó ti di ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, bí ẹrù tọ́ọ̀nù 24 bá wà nílẹ̀, tí a fi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó o ní tọ́ọ̀nù 8, ìbàjẹ́ mẹ́ta ni. Bí a bá fi ẹ̀ẹ̀mejì kó o ní tọ́ọ̀nù 12, ìbàjẹ́ mẹ́wàá ni. Ìrìn-àjò kan tí a rò pé a fi jèrè ti ná ọ̀nà ní ohun tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n fún pápá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ó fi agbára rẹ̀ hàn, wọ́n sì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ó fi bí ó ti ń tẹ ilẹ̀ hàn. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ bá ju ti pápá lọ, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa balẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á láyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àlékún tí òfin àgbáyé fi ààyè gbà lórí pápá ọlọ́dà. Ǹjẹ́ ọ̀nà tí ó ń gbé oúnjẹ àti owó wa kò yẹ fún irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀?

Ojúṣe ọ̀nà sì ti pọ̀ ju ti ìgbà kan lọ. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní ọdún 1912, òun ni ó ń kó ẹ̀pà lọ sí etí òkun. Ní 1964 ni wọ́n parí ọ̀nà irin dé Maiduguri. Lónìí, títì ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irè oko wa. Ẹrù tí irin ń rù tẹ́lẹ̀ ni a gbé lé orí yangí.

A mọ ohun tí olùra yóò sọ: “Bí èmi bá kẹ́rù níwọ̀n, tí ẹnìkejì mi kẹ́rù jù, òun ni yóò lè san owó tí ó dára fún àgbẹ̀, ọjà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ mi.” Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni a fi ní kí gbogbo ẹgbẹ́ olùra lágbègbè kan fohùn ṣọ̀kan lórí iye àpò tí lọ́rì kọ̀ọ̀kan yóò gbé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ilé ìkẹ́rù kí olúkúlùkù lè rí i. Òfin kò ṣàìsí: ní ọdún 2012, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé òfin kan lórí ìwọ̀n ẹrù ọkọ̀ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ kò sí ní gbogbo oríta. Àwa tí à ń wọn àpò kí a tó sanwó rẹ̀ kò lè sọ pé a kò mọ ohun tí a kó sọ́kọ̀.

Lórí ọ̀nà oko tí kò ní ọ̀dà, àbá mìíràn wà. Ní Burkina Faso, Mali, Niger àti Cameroon, wọ́n a máa gbé igi dábùú ọ̀nà yangí bí òjò ńlá bá ti rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ kọjá títí wákàtí díẹ̀ yóò fi kọjá tí omi yóò sì fà. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹlòmíràn yóò ní ìdádúró yóò ba irè jẹ́. Kòkó tí ó gbẹ dáadáa, tí ó wà lábẹ́ òrùlé, kò ní bàjẹ́ nítorí ìlàjì ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́rì tí ó bá rì sínú ẹrẹ̀ lè sun ibẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ipa taya rẹ̀ yóò sì di odò fún gbogbo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, iṣẹ́ tiyín ni gọ́tà. Ẹ má ṣe kọ ebè dé etí títì, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ dí ojú omi kí ẹ lè rí ọ̀nà wọ oko. Ẹ kó pàǹtírí kúrò lẹ́nu ihò omi tí ó gba abẹ́ ọ̀nà kọjá kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Nígbà tí ẹ bá sì lọ bá àwọn aláṣẹ, ẹ má ṣe kọ́kọ́ tọrọ ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ibi tí omi yóò gbà. Kí a máa di kòtò ojú títì lọ́dọọdún, kí omi sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá ni.

Ọ̀nà kì í kígbe nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tí ó bá dákú ni a ń mọ̀, ọjọ́ náà sì ni iye tí à ń ra irè ń já wálẹ̀ lóko. Kí ìkórè tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ó sì pinnu ohun mẹ́ta: iye àpò tí lọ́rì yóò gbé, ẹni tí yóò máa ṣọ́ igi òjò, àti ọjọ́ tí gbogbo wa yóò jáde lọ la gọ́tà.