Ẹ̀rọ Orin fún Ẹni Tí Kò Ríran

Ẹ̀rọ orin kéékèèké tí ń lo káàdì pọ̀ ní ọjà Ìgólò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìfọ̀nyìn, bí ẹ bá fẹ́ rà á fún afọ́jú, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín. Ẹ gbé e lé onítọ̀hún lọ́wọ́, kí ó fi ìka wá bọ́tìnnì tí ń tan án àti èyí tí ń yí orin padà. Bí kò bá rí wọn fúnra rẹ̀, ọmọ ilé ni yóò máa pè kí ó tó gbọ́ orin.

Victor Reader Stream ti ilé-iṣẹ́ HumanWare ní Kánádà ní bọ́tìnnì gidi, ó sì ń fọhùn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ. TalkBack inú fóònù Android náà ń ka ojú fóònù síta ní èdè Faransé. Àmọ́ Faransé kì í pe H: Hárúnà Ìṣọ̀lá á di Arúnà!

Ọgbọ́n kan wà tí a fẹ́ràn jù. Ẹ fi ohùn ara yín gba orúkọ olórin sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí káàdì ṣáájú àwọn orin rẹ̀.