Ta Ni Ó Ni Ẹwà Etí Òkun?

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀kan nínú àwa márùn-ún tí a gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn lọ sí Tarkwa Bay ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, tún padà lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Nígbà tí ó dé, ó sọ fún mi pé ibẹ̀ dára ju ìgbà tiwa lọ. Ó ní ariwo ti dín kù, ojú sì ń rí òkun gbangba láìsí àgọ́ onípáànù tí ó dí i. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wá jọ ti ìlú òyìnbó." Bẹ́ẹ̀ ni ó wí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ta kò, nítorí pé mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe lẹ́nu tirẹ̀ nìkan.

Àwa tí à ń gbé Bilbalogo, ní ìlú Ouagadougou, kì í ṣe ẹni tí ó mọ òkun. Ilẹ̀ Burkina Faso kò kan òkun níbì kankan. Omi ńlá tí ó súnmọ́ wa jù ni àwọn adágún tí a sé ní apá àríwá ìlú, ní ọ̀nà Tanghin, níbi tí àwọn apẹja ti ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ la àárín ewéko kọjá. Nítorí náà, nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì gba Cinkassé, Lomé àti Kútọnu lọ sí Èkó, a ní ilẹ̀ àwọn bàbá wa ni à ń lọ kí, ṣùgbọ́n òkun ni ó wà lọ́kàn wa.

Èbúté CMS ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí sí Tarkwa Bay. Kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láyà, ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó sanra jù bọ́ sí àárín ọkọ̀. (Èmi ni ẹni náà, n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.) A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ní Àpápá, ìgbì wọn sì ń gbé wa sókè sódò bí igbá ojú omi. Ẹni tí ń kọrin láàrin wa dákẹ́. Atukọ̀ nìkan ni kò mì. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dín eré kù, ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì. Lójijì ni omi rọlẹ̀, tí iyanrìn sì yọ níwájú wa bí aṣọ tí a sá sóòrùn.

Ìyá rẹ̀ ni ó dín ẹja fún wa ní alẹ́. Iyàrá ìyá náà ni a sùn. Àbúrò rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ni ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi pákó gun ìgbì, òun náà ni ó sì fa méjì nínú wa yọ nígbà tí omi fẹ́ gbé wọn lọ. Mo ń ka gbogbo èyí nítorí pé nígbà tí a padà dé Ouagadougou, òkun àti iyanrìn nìkan ni ó wà nínú àwọn àwòrán tí a fi ń han ènìyàn. A ti gé àwọn olùgbé ibẹ̀ kúrò nínú àwòrán kí ìjọba tó gé wọn kúrò lórí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà wọ Tarkwa Bay, wọ́n sì lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Ìròyìn ìgbà náà fi iye wọn sí nǹkan bí 4,500. Ìdí tí a gbọ́ ni pé àwọn kan ń bẹ́ ọ̀pá epo, wọ́n sì ń jí epo fà. N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni a ti ń tìtorí olè mẹ́wàá wó ilé ìyá tí ń dín ẹja? Bí a bá jí owó ní báńkì kan ní Marina, ṣé gbogbo Marina ni a óò lé jáde? Ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ ni a máa ń wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní, ìyà tirẹ̀ ni ó ń ṣáájú ìwádìí.

Àwọn mìíràn ní etí òkun kì í ṣe ibùgbé, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni ó yẹ kí a fi í sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì to òkúta bí ògiri gígùn wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìforí sọ iyanrìn. Ààbò àwọn ògiri wọ̀nyí ni omi Tarkwa Bay fi rọlẹ̀. Ní òdìkejì, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Victoria Island, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ Bar Beach tán. Nígbà tí a sì wá ojútùú sí i ní ìparí àwọn ọdún 2000, iyanrìn ni a kó kún ojú òkun láti fi tẹ ìlú àwọn ọlọ́rọ̀ dó, èyí tí à ń pè ní Eko Atlantic. Bar Beach tí mẹ̀kúnnù ń lọ lọ́jọ́ ọdún dà? Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe etí òkun Èkó, ọwọ́ ènìyàn náà ni ó sì ń pín in.

Otodo Gbame ti ṣáájú, ní etí ọ̀sà ní apá Lẹ́kí. Láàrin oṣù Kọkànlá 2016 àti oṣù Kẹrin 2017, nǹkan bí 30,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Ègùn apẹja, ni a lé kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé ohun tí a ṣe fún wọn tako òfin ilẹ̀ náà. Ìdájọ́ náà kò kọ́ ilé kan padà. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ó kan Tarkwa Bay. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Kí ẹ má ba à rò pé Èkó nìkan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú tí mo ń gbé. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 2000, a wó Zangouettin ní àárín Ouagadougou, àdúgbò àwọn àlejò, níbi tí àwọn Haúsá àti àwọn oníṣòwò mìíràn ti ń gbé láti ayébáyé, nítorí iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ZACA. Àárín ìlú tuntun, ti báńkì àti ọ́fíìsì, ni a ṣèlérí. A kó àwọn ènìyàn lọ sí ìhà Ouaga 2000, ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ wọn sì ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bilbalogo kò jìnnà síbẹ̀. Bàbá mi jókòó sí àgbàlá, ó ní, "Ìjọba mọ ohun tí ó ń ṣe." Èmi náà kò fọhùn. Àwa tí orí kó yọ ni a kọ́kọ́ ń sọ pé ìlú ti mọ́.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi, òwe ni ó fi dá mi lóhùn: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba ni ó ni ilé inú òwe náà, gbogbo ìlú ni ó bá a kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì padà wọ inú rẹ̀. Ta ni yóò bá ìyá ẹlẹ́ja kọ́ tirẹ̀? Mo mọ̀ pé arìnrìn-àjò afẹ́ kò lè dá ọmọ ogun dúró. Ṣùgbọ́n a lè bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò ìrìn náà pé ọmọ ibo ni atukọ̀, owó ta ni owó oorun wa, kí a sì kọ̀ láti lọ bí èsì náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn. A lè kọ̀wé. A lè ṣíwọ́ pípe ibi tí a ti lé ènìyàn ní ibi tí ó mọ́. Èyí tí a ṣe ní 2020 ni pé a kò ṣe nǹkan kan, àwa tí a jẹ ẹja wọn.

Mo ti pe nọ́ńbà atukọ̀ náà títí. Kò lọ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣètò ìrìn àjò mìíràn fún ọdún tí ń bọ̀. Ó bi mí bóyá èmi yóò bá wọn lọ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wádìí ilé ta ni a óò sùn.