Kí ni quantum ń ṣe lára irin?

Wẹ́dà ni mí, ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá rí ère irin, ojú ìjórin rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Orúkọ ńláńlá kì í sáré wọ̀ mí lójú, pàápàá “quantum” tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, mọ́ ìpara, mọ́ àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó kan fisíìsì bí wọn ò bá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo Quantum Cloud tó wà nínú odò Thames, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté North Greenwich. Antony Gormley parí rẹ̀ ní 1999, ó sì ga tó mítà 30. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀pá irin wúruwùru ni ẹ ó rí. Ẹ rìn jìnnà díẹ̀, ẹ ó rí ènìyàn kan láàárín wọn. Ara Gormley fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwòṣe. Kọ̀ǹpútà ló wá pinnu ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan yóò yà sí, bí ẹni ń ju dáìsì lúdò. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń ju dáìsì kì í ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tín-ín-tín tí fisíìsì quantum ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú àwòrán nìkan ni mo ti rí ère irin kejì, Quantum Man. Julian Voss-Andreae, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 2006. Onífisíìsì ni kó tó di oníṣẹ́ ère. Ní 1999 kan náà, ó wà lára ikọ̀ Anton Zeilinger ní Vienna, àwọn tó mú mólékù oní-60 átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù gba àárín àlàfo tín-ín-tín, tí wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe bí ìgbì. Nínú ère náà, pẹlẹbẹ irin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló tò tẹ̀ léra, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, kí wọ́n dúró fún ìgbì náà, títí wọ́n fi di ẹni tó ń rìn. (Irin pẹlẹbẹ máa ń wọ́ bí iná bá pọ̀ lára rẹ̀, mo kan sáárá sí i.) Níwájú, irin gidi ni. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Òótọ́ ni pé irin tiẹ̀ náà kì í ṣe ìgbì, ojú wa ló ń tàn wá. Àmọ́ ó mọ ohun tó yá lò. Ti Gormley ni mo fẹ́ràn jù, n kò ní purọ́. Ti Voss-Andreae ni orúkọ náà tọ́ sí: ẹ yọ àkọlé kúrò, ẹni tó bá rìn yí i ká yóò ṣì béèrè ibi tí ọkùnrin náà wọlé sí.